Kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré ní Amẹ́ríkà: ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti là á kọjá, ẹ gbà mí

Ọmọ-Mọ́kọ́lá

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Ọ̀rọ̀ mi á gùn díẹ̀, ẹ fara dà á fún mi.

Oṣù kẹjọ ni mo dé kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní ìpínlẹ̀ Iowa. N ò ní dárúkọ ẹ̀. Gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ ò pé ẹgbẹ̀rún méjì. Girama tí mo ti jáde n'Íbàdàn kún jù ú lọ. Ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ ló gbé mi débẹ̀, nítorí náà ẹ̀rù máàkì ń bà mí ju ẹ̀rù òtútù lọ.

Nílé, bí mi ò bá ṣe ipò kìíní, ìkejì ni. Àròkọ tí mo kọ́kọ́ kọ níbí, C+ ni wọ́n fún mi. Olùkọ́ náà ò fi bírò pupa fa nǹkan kan. Pẹ́ńsù ló fi kọ ọ̀rọ̀ kan náà sí ẹ̀gbẹ́ ìwé níbi mẹ́rin: "Ìwọ ńkọ́? Kí lo rò?" Mo ti ka gbogbo ohun tó ní ká kà, mo to ohun tí àwọn onímọ̀ sọ lẹ́sẹẹsẹ, kò sí àṣìṣe gírámà kan níbẹ̀. Kí ni wọ́n tún fẹ́ kí n rò?

Ẹlẹ́ẹ̀kejì, àwa méjìlá là ń jókòó yí tábìlì kan ká. Kò sẹ́ni tó ń nawọ́. Kí n tó to ọ̀rọ̀ mi lọ́kàn tán, wọ́n ti kúrò lórí ẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, olùkọ́ fi í-meèlì ránṣẹ́ sí mi pé òun ò tíì gbọ́ ohùn mi, pé ogún nínú ọgọ́rùn-ún máàkì ló wà fún ọ̀rọ̀ sísọ.

Ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ẹ̀gbọ́n bàbá mi ń pè látilé: "Kọ́lẹ́ẹ̀jì? Ṣé o ò rí yunifásítì wọ̀ ni? Ìṣègùn tá a jọ sọ ńkọ́?"

Ẹ gbà mí o.

Ẹ̀gbọ́n-Ohio

Kú ewu, àbúrò. C+ ò pa ẹnì kankan rí. C lásán ni tèmi, mo sì sunkún sí i nínú ilé ìwẹ̀ kí ẹni tá a jọ ń gbé yàrá má baà gbọ́.

Wò ó, nílé, wọ́n kọ́ wa ká ru omi olùkọ́ padà wá bá a láìjẹ́ kó dà sílẹ̀. Bó ṣe bù ú fún wa la ṣe ń dá a padà, òun náà á sì fún wa ní A. Níbí, wọ́n fẹ́ kó o fi omi yẹn se nǹkan. Kì í ṣe èébú ló kọ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé ẹ. Ó ń wá ẹ nínú ìwé ni, kò rí ẹ.

Bí mo ṣe wá ń ṣe é nìyí. Tí mo bá ń ka ìwé tí wọ́n fún wa, mo máa ń wá gbólóhùn kan ṣoṣo tí ara mi ò gbà. Ọ̀kan péré. Bóyá òǹkọ̀wé kan sọ nǹkan nípa bí àwọn èèyàn ṣe ń rajà, tí mo sì mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀ ní Bódìjà tí mo dàgbà sí. Ibẹ̀ ni àròkọ mi ti ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn onímọ̀ yòókù á wá tò tẹ̀ lé e, bóyá láti gbè mí, bóyá kí n dá wọn lóhùn. Lójú ewé àkọ́kọ́ gan-an ni kí olùkọ́ ti rí ohun tó ò ń sọ. Àwa a máa ń fi í pamọ́ dìgbẹ̀yìn bí ẹni ń pàlọ́. Wọn ò ní sùúrù ẹ̀.

Lẹ́yìn náà, lọ bá a ní ọ́fíìsì. Gbogbo olùkọ́ ló ní wákàtí tó fi ń jókòó de akẹ́kọ̀ọ́, ó wà nínú sílábọ́ọ̀sì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko ni mi ò fi dé ọ̀dọ̀ tèmi, torí níléèwé wa, ẹni tó bá ṣẹ̀ ni wọ́n ń pè sí ọ́fíìsì. Ọjọ́ tí mo wá lọ, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Nígbà tí bàbá náà ṣílẹ̀kùn, n ò mọ ìgbà tí mo fọwọ́ kanlẹ̀ kí i. Ó rò pé nǹkan mi ló bọ́ sílẹ̀. Ni òun náà bá bẹ̀rẹ̀, ó ń bá mi wá a lábẹ́ tábìlì. Àwa méjèèjì wà nílẹ̀ níbẹ̀, mi ò sì mọ ibi tí mo ti máa bẹ̀rẹ̀ àlàyé. Ìgbà tí mo jàjà ṣàlàyé, ó rẹ́rìn-ín títí, ó ní kí n kọ́ òun bí àgbà ṣe ń dáhùn. Bàbá yẹn ló kọ lẹ́tà tí mo fi rí ibi ṣe máàsítà.

Má lọ lọ́wọ́ òfo o. Mú àròkọ náà dání. Má bi í pé kí ló dé tó o fi gba C+, ìyẹn á dà bí ẹjọ́. Bi í pé, "Ìpínrọ̀ wo lẹ rí pé mo ti fẹ́ẹ̀ sọ tẹnu mi?" Á fi hàn ẹ́.

Àkàrà-Òsú

Ó ń bá a wá a lábẹ́ tábìlì! Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti ba oorun mi jẹ́ lálẹ́ yìí.

Ọ̀rọ̀ kíláàsì ni tèmi. Àbúrò, láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́ ni kó o ti sọ̀rọ̀. Tó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ á ti jinlẹ̀, àyà á sì ti máa já. Kọ gbólóhùn kan sórí ìwé kó o tó kúrò ní yàrá ẹ. Kò di dandan kó jẹ́ ìdáhùn, ìbéèrè náà ń gba máàkì. Àwọn ọmọ ibẹ̀ kì í dúró kí ọ̀rọ̀ gún kí wọ́n tó sọ ọ́; ẹnu ni wọ́n ti ń rò ó. Ìdajì ohun tí wọ́n ń sọ, tó o bá fara balẹ̀ gbọ́ ọ, ohun tí ẹni ìṣáájú sọ náà ni. Ọjọ́ tí mo rí èyí ni ẹ̀rù kúrò lára mi.

Ọ̀rọ̀ ojú tún wà níbẹ̀. Bí àgbà bá ń bá mi sọ̀rọ̀, ilẹ̀ ni mo máa ń wò, bí wọ́n ṣe kọ́ mi nílé. Olùkọ́ mi kan rò pé mò ń fi nǹkan pamọ́ fún òun. Mo kúkú là á yé e pé níbi tá a ti wá, a kì í ranjú mọ́ àgbà, a sì máa ń dúró kí wọ́n fún wa láyè ká tó dá sí i. Àtọjọ́ náà ló ti ń pè mí lórúkọ nínú kíláàsì: "Kí lo rí sí i?" Wọn ò lè mọ̀ tó ò bá sọ.

Tí wọ́n bá ní kó o máa pe àwọn lórúkọ, tẹ́nu ẹ ò gbà á, "Professor" ti tó. Mo lo ọdún mẹ́rin láìpe ẹnì kankan nínú wọn lórúkọ, kò sì sẹ́ni tó bá mi jà.

Olóyè-Láìbìrì

Kí n yára sọ èyí kó tó pẹ́ jù. Nígbà tí mo wà ní poli nílé, bí olùkọ́ ṣe pè é fún wa la ṣe ń dà á kọ sínú ìdánwò, wọ́n sì ń yìn wá. Ní kọ́lẹ́ẹ̀jì wọ̀nyí, gbólóhùn tó o bá mú nínú ìwé ẹlòmíì láìdárúkọ ẹ̀, olè ni. Kódà bó o bá yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà, tí èrò bá ti jẹ́ tiẹ̀, dárúkọ ẹ̀. Iwájú ìgbìmọ̀ ni wọ́n ń gbé irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ lọ.

Wọn kì í fi í ṣeré torí orí ìgbẹ́kẹ̀lé ni wọ́n gbé ọ̀pọ̀ nǹkan kà. Ní Haverford, ní Pennsylvania, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lè fúnra wọn yan àsìkò tí wọ́n máa ṣe ìdánwò ìparí sáà, kò sì sí olùṣọ́ kankan nínú yàrá. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fúnra wọn náà ló ń dìbò fọwọ́ sí òfin tó mú èyí ṣeé ṣe.

Ní ti ChatGPT àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, olùkọ́ kan lè gbà á kí èkejì rẹ̀ má gbà á, nínú ilé kan náà. Ka sílábọ́ọ̀sì. Tí kò bá sí níbẹ̀, béèrè.

Mo fẹ́ẹ̀ gbàgbé: Writing Center. Akẹ́kọ̀ọ́ bíi tìẹ ló sábà máa ń jókòó síbẹ̀, á ka ìwé ẹ pẹ̀lú ẹ, ọ̀fẹ́ ni. Mo rò nígbà yẹn pé àwọn tí ò gbọ́ Òyìnbó ni wọ́n ṣe é fún. Ìgbà tí mo débẹ̀ ni mo rí i pé àwọn tó ń gba A ló kún ibẹ̀.

Ìyá-Akẹ́kọ̀ọ́

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ jẹ́ kí ìyá yín náà dá sí i. Ọmọkùnrin mi wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní Massachusetts. Ní gbogbo ọdún kìíní, "Ó ń lọ dáadáa, Mọ́mì" ló ń sọ lórí fóònù. Kò lọ dáadáa. Ó ti jáwọ́ nínú Kẹ́mísírì, wọ́n ti fi W síbẹ̀ fún un, ìyẹn àmì pé ó fi kọ́ọ̀sì náà sílẹ̀, kò sọ. Ìgbà tó délé lóṣù kẹfà, tó ti rù tí ọrùn ẹ̀ dà bíi ti lékeléke, ló tó jẹ́wọ́.

W yẹn ò dùn mí. Pé òun nìkan dá gbé e ló dùn mí. Ṣùgbọ́n kí n sòótọ́, bàbá ẹ̀ ti ń pè é ní dókítà níwájú gbogbo ìjọ. Báwo ni ọmọ ṣe máa ṣe é sọ? Ẹ̀bi tiwa wà níbẹ̀.

Ọmọ-Mọ́kọ́lá, sọ fún màmá ẹ. Má kó gbogbo ẹ̀ bá wọn lẹ́ẹ̀kan náà, àmọ́ sọ. Jẹun o.

Àtàrí-Àjànàkú

Ẹ kú ọ̀rọ̀ àdúrótì, Mọ́mì.

Àbúrò, orúkọ ló ń da ẹ̀gbọ́n bàbá ẹ láàmú. Nílé, bí èèyàn bá ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, girama la gbọ́, tàbí ibi tí wọ́n ti ń kọ́ tíṣà. Ní Amẹ́ríkà, Williams tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1793 àti Amherst ti 1821, kọ́lẹ́ẹ̀jì ni wọ́n ń jẹ́ títí dòní, kò sì sí ọ̀mọ̀wé níbẹ̀ tó ń fojú kéré wọn. Akẹ́kọ̀ọ́ tó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ò ju nǹkan bí ẹgbẹ̀rún méjì lọ. Oyè kìíní ni wọ́n gbájú mọ́, nítorí náà purofẹ́sọ̀ fúnra ẹ̀ ló ń kọ́ ẹ, òun náà ló ń ka ìwé ẹ. Ní yunifásítì ńlá, akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣe PhD ló sábà máa ń bá wọn ka àròkọ àwọn ọmọ ọdún kìíní. Ṣé ẹni tó kọ ìbéèrè mẹ́rin yẹn fún ẹ ní pẹ́ńsù, o rò pé á ráyè ẹ̀ ká ní ẹ pé irínwó nínú kíláàsì?

Tí wọn ò bá tún gbà, rán wọn létí Zik. Storer College, ní West Virginia, ló kọ́kọ́ lọ kó tó dé Howard àti Lincoln. Kofi Annan náà, ọmọ Ghana tó di Akọ̀wé Àgbà UN, Macalester ní Minnesota ló ti gboyè ní 1961. Nígbà ayé ẹ̀, òun fúnra ẹ̀ ló máa ń sọ ọ́ pé nígbà tí òun débẹ̀, òun gba gbogbo ẹ̀wù òtútù tí wọ́n ní kí òun wọ̀, àfi ohun tí wọ́n fi ń bo etí ni òun kọ̀, pé kò bójú mu. Ó di ọjọ́ tí òun jáde lọ wá oúnjẹ tí etí fẹ́ẹ̀ gé sọnù, ni òun bá lọ ra èyí tó tóbi jù. Ra tìẹ báyìí. Oṣù kọkànlá ò jìnnà.

Ti ìṣègùn nìkan ló le. Ọdún mẹ́fà ni wọ́n fi ń ṣe é ní UI látorí girama. Irú ẹ̀ ò wọ́pọ̀ ní Amẹ́ríkà. Oyè kìíní ni wàá kọ́kọ́ gbà, ọdún mẹ́rin, kó o tó kọ̀wé síléèwé ìṣègùn fún ọdún mẹ́rin mìíràn, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò sì ń gba ọmọ ilẹ̀ òkèèrè. "Pre-med" tí wọ́n ń pariwo kì í ṣe oyè. Àkójọ kọ́ọ̀sì lásán ni: Bàọ́lọ́jì, Kẹ́mísírì, Físíìsì àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. O lè fi Ìtàn gboyè kó o sì ṣe gbogbo wọn. Jẹ́ kí wọ́n mọ èyí nílé báyìí, kí wọ́n tó lọ dá aṣọ dókítà fún ẹ.

Òmìnira tó wà níbẹ̀ náà, ṣọ́ra fún un. Ní Grinnell, ní Iowa yín níbẹ̀, kọ́ọ̀sì kan péré ló jẹ́ dandan fún gbogbo ayé, ìyẹn tutorial ọdún kìíní, kíláàsì kékeré fún àwọn ọmọ tuntun. Ìwọ àti olùdámọ̀ràn ẹ lẹ máa jọ to ìyókù. Mo mọ àwọn tó fi irú àǹfààní bẹ́ẹ̀ sá fún gbogbo ohun tí wọn ò mọ̀. Mú kọ́ọ̀sì kan lọ́dọọdún tí àwọn ará ilé ò lè pe orúkọ ẹ̀.

Sùúrù-Lérè

Gbogbo wọn kọ́ ló rí bákan náà o. Cornell College wà ní Mount Vernon, Iowa (kì í ṣe Cornell ti New York, ti Iowa yìí gan-an ló dàgbà jù, 1853 sí 1865). Kọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ni wọ́n ń ṣe lẹ́ẹ̀kan, ọjọ́ méjìdínlógún, wọ́n á ṣe tán, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ òmíì. Tó o bá ṣàìsàn fún ọjọ́ mẹ́ta níbẹ̀, o ti pàdánù bí ẹni pàdánù ọ̀sẹ̀ méjì àbọ̀ níbòmíì.

Ní ti owó, wákàtí ogún lọ́sẹ̀ lẹ lè ṣiṣẹ́. Ẹnì kan tí mo mọ̀ ń fọ abọ́ nílé oúnjẹ kan nígboro.

Ẹsẹ̀-Nínú-Yìnyín

Háà! Ọmọ-Mọ́kọ́lá, má tẹ̀ lé ìyẹn o. Wákàtí ogún yẹn, inú ọgbà kọ́lẹ́ẹ̀jì ni: láìbìrì, ilé ìjẹun, yàrá kọ̀ǹpútà. Iṣẹ́ ìgboro láìgbàṣẹ lè ba físà F-1, ìyẹn físà akẹ́kọ̀ọ́, jẹ́ pátápátá. Sùúrù-Lérè, jọ̀ọ́, sọ fún ẹni tó ń fọ abọ́ yẹn.

Torí ọ̀rọ̀ òfin ni mo ṣe wá síbí gan-an. Ní ọ̀sẹ̀ kẹjọ ọdún kìíní mi, Ìṣirò fẹ́ pa mí, mo fẹ́ jáwọ́. Olùdámọ̀ràn mi ní kò burú, kí n lọ sinmi. Èèyàn dáadáa ni, kò kàn mọ̀ ni. Ìka mi ti wà lórí bọ́tìnì lára kọ̀ǹpútà nígbà tí ọmọ Ghana kan tá a jọ ń gbé ilé kan náà bi mí pé, "Kírẹ́dítì mélòó ló máa kù?" Mẹ́jọ ni. Ẹni tó ń lo F-1 gbọ́dọ̀ ní méjìlá ó kéré tán ní sáà kan. Tó bá máa wálẹ̀ jù bẹ́ẹ̀, ọ́fíìsì akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ òkèèrè ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fọwọ́ sí i. Ti olùdámọ̀ràn ẹ̀kọ́ ò tó. Mo mú ọwọ́ mi kúrò lórí bọ́tìnì yẹn bí ẹni tó fọwọ́ kan iná.

Owó orí ńkọ́? Owó ẹ̀kọ́ tí wọ́n san fún ẹ ò ní owó orí. Èyí tí wọ́n fi san ilé àti oúnjẹ ní in, torí ìjọba kà á sí owó tó wọlé fún ẹ, wọ́n sì sábà máa ń yọ ìdá mẹ́rìnlá nínú ọgọ́rùn-ún níbẹ̀. Nàìjíríà ò ní àdéhùn owó orí pẹ̀lú Amẹ́ríkà tó lè dín in kù. Bó ò bá tiẹ̀ pa kọ́bọ̀, wàá kọ Fọ́ọ̀mù 8843 ránṣẹ́ sí àwọn olówó orí lọ́dọọdún.

Kó o tó yan major, ìyẹn ẹ̀kọ́ tó o máa fi gboyè, béèrè bóyá ó wà nínú èyí tí ìjọba kà sí STEM (sáyẹ́ǹsì, ìmọ̀ ẹ̀rọ, iṣẹ́ ẹnjiníà àti ìṣirò). Ẹni tó bá gboyè lè fi oṣù méjìlá ṣiṣẹ́ tó bá ẹ̀kọ́ ẹ̀ mu. Ti STEM lè fi oṣù mẹ́rìnlélógún kún un. Ìmọ̀ ọrọ̀-ajé lè jẹ́ STEM ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan, kó má jẹ́ ní èkejì, nítorí kóòdù tí wọ́n kọ sí i nìkan. Mo mọ ẹni tó jẹ́ pé ọ̀sẹ̀ tó ń gboyè ló mọ̀. Òfin wọ̀nyí ń yí, ọ́fíìsì yẹn ni kó o máa bi léèrè, kì í ṣe àwa.

Sùúrù-Lérè

Mo ti gbọ́. Mo ti pè é.

Dòdò-Aago-Mọ́kànlá

Ẹ ti kọ́ ọmọ yìí ní gbogbo nǹkan, ẹ ò sọ ti ikùn. Orúkọ tí mò ń jẹ́ yìí nítumọ̀. Oṣù kejì, yìnyín ti dé orúnkún, oúnjẹ ilé ìjẹun ti sú mi. Mo ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ mẹ́ta níbi tí wọ́n ti ń ta nǹkan àwọn ará Mẹ́síkò, mo sì dúró kó pọ́n fún ọjọ́ márùn-ún. Mo ní sítóòfù iná kékeré kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, èyí tí wọ́n ní ká má kó wá. Òróró gbóná, mo da dòdò sí i, èéfín gbéra. Kí n tó ṣí fèrèsé, aago tó ń kìlọ̀ iná ti ń ké ní gbogbo ilé. Ọgọ́rin èèyàn jáde sínú yìnyín, ẹlòmíì wọ sálúbàtà, ẹlòmíì da bùláńkẹ́ẹ̀tì bora, èmi di abọ́ dòdò mú torí mi ò lè fi sílẹ̀. Ó ń rú èéfín lọ́wọ́ mi. Kò sẹ́ni tó bi wá léèrè ẹni tó ṣe é.

Lo kíṣìnì tó wà nísàlẹ̀ ilé. Kó ata gbígbẹ àti gaàrí dání tó o bá lọ sílé. Béèrè báyìí bóyá wọ́n máa ti ilé yín pa ní ìsinmi oṣù kejìlá, torí ọ̀pọ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì ló ń tì í, wọ́n sì máa ń ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ orúkọ sílẹ̀ ṣáájú bó bá fẹ́ dúró.

Tó o bá sì fẹ́ yan ọ̀rẹ́kùnrin, rántí pé ilé ìjẹun kan ló wà. Tẹ́ ẹ bá jà, ẹ ó jọ máa tò fún ẹyin fún ọdún mẹ́ta.

Sùúrù-Lérè

Wá ẹgbẹ́ àwọn ọmọ Áfíríkà lọ, kí o fara mọ́ wọn. Àwọn ló máa gbé ẹ ró.

Ẹ̀gbọ́n-Ohio

Lọ, àmọ́ má sùn síbẹ̀. Ọdún méjì ni mo fi jẹ́ pé tábìlì àwa mẹ́fà yẹn nìkan ni mo mọ̀. Ìgbà tí mo wọ ẹgbẹ́ akọrin, tó jẹ́ pé ohùn mi ò tiẹ̀ dáa, ni mo tó mọ ìlú tí mò ń gbé. Ìyá kan nínú ẹgbẹ́ náà, ará ìgboro, ló ń gbé mi lọ sí pápákọ̀ òfuurufú títí mo fi jáde.

Àkàrà-Òsú

Mi ò gbà tán, ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀yin ọkùnrin ò mọ ohun tó ń jẹ́ pé kí gbogbo tábìlì yíjú sí ẹ nígbà tí wọ́n bá dárúkọ Áfíríkà, bíi pé ìwọ lo ni Kenya àti Morocco. Nígbà míì, èèyàn kàn fẹ́ jókòó síbi tí wọn ò ti ní bi í ní nǹkan kan. Tó bá sì pọ̀ jù lọ́kàn ẹ, àwọn tó ń gbọ́ ẹ̀dùn ọkàn wà ní ilé ìwòsàn kọ́lẹ́ẹ̀jì. Mo lọ nígbà mẹ́fà. Mi ò ya wèrè.

Ọmọ-Mọ́kọ́lá

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, Mọ́mì, ẹ ṣeun, ẹ ò ní rí ìjà ọmọ.

Mo lọ lánàá. Mo kúnlẹ̀ díẹ̀ kí n tó rántí, àmọ́ obìnrin yìí ò bá mi wá nǹkan kankan. Mo bi í ní ìbéèrè tí Ẹ̀gbọ́n-Ohio kọ́ mi. Ó ṣí ojú ewé kẹta, ó fi pẹ́ńsù yí ìlà kan ká, ibi tí mo ti kọ ọ́ sínú àkámọ́ pé ìyá àgbà mi ò ní gbà pé ẹni tó ń tajà lójú pópó ò níṣẹ́ lọ́wọ́. Mo ti fẹ́ pa á rẹ́ tẹ́lẹ̀. Ó ní ibẹ̀ ni àròkọ náà wà, kí n yọ ọ́ kúrò nínú àkámọ́ kí n gbé e sójú ewé àkọ́kọ́, kí n tún gbogbo ẹ̀ kọ, kí n mú un wá lọ́jọ́ Ẹtì. Mo ti ń kọ ọ́.

Mo ti sọ fún màmá mi. Ti ẹ̀gbọ́n bàbá mi, mo ṣì ń wá ẹnu tí mo máa fi sọ ọ́.

Ìbéèrè kan ló kù: irun mi ti di oṣù méjì àbọ̀, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n dì ní ìgboro tí mo wà. Ta ló mọ onídìrí tó sún mọ́ Des Moines, tí owó ẹ̀ ò wọ́n?